Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì Lọ Sùn ní Òtẹ́ẹ̀lì

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan lú u, kí eyín tó kù lẹ́nu mi, tó sì ṣì pọ̀ ju ti àwọn ọ̀dọ́ òde òní lọ, bọ́ sórí ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí. Ohun tí ojú mi kò tó níbẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Èyí tí ẹni náà sì gbàgbé, ọgbọ́n orí mi, tí kò gba ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kankan wọlé, ló bá a rántí rẹ̀, kò sì ṣìnà.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ọsibítù ńlá ìlú ń pè ní Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà, kò sì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó tẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹ títí iṣẹ́ náà fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Bí ó bá ká igun aṣọ ibùsùn wọlé, yóò fà á le bí awọ ojú ọ̀dọ́mọbìnrin. Eṣinṣin tó bá ṣèèṣì bà lé e, yíyọ̀ ni yóò yọ̀ ṣubú. Mo mọ eṣinṣin kan tó kán lẹ́sẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ojú-Abẹ, fi òfin kan lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù: bí aláìsàn bá ti kúrò lórí ibùsùn, ìbáà jẹ́ ilé ló lọ, ìbáà jẹ́ ọ̀run, ẹni tó ń bọ̀ wá sùn síbẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti sùn síbẹ̀ rí. Ojú-Abẹ ní, "Aláìsàn tó bá rí ojú ibi tí òkú gbé orí lé, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́." Nítorí náà, Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì kì í fi àmì kankan sílẹ̀. Fọ́nrán irun kan kì í kù lórí ìrọ̀rí. Ife omi á di fífọ̀, á gbẹ, á dojú dé. Ẹrù á wọ inú àpò, àpò á gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, á fara pamọ́ sẹ́yìn bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ibùsùn á wá dúró bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wọn, kò fi ìdí kan bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ lọ́sàn-án rí. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Bí mo bá dìde pẹ́rẹ́ pé kí n lọ tọ̀, kí n tó padà dé, ìyàwó mi á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà bí ẹni pé mi ò gbéyàwó rí."

Obìnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, obìnrin bíi tirẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Inú ìhó ọṣẹ ló ti tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà. Bí ìyá bá tẹ̀ mọ́ ọpọ́n, ẹ̀gbọ́n ló ń pọn àbúrò kiri ẹ̀yìnkùlé kí ó má baà ké. Ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́wà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọkùnrin kan tó padà di alága ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ ẹ, bó ṣe di Ìyàwó Alága nìyẹn, tí kò sì sí ẹni tó tún pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Gbólóhùn kan péré ló tú wọn ká. Àbúrò lọ kí ẹ̀gbọ́n nílé ńlá, ó kọjá lẹ́nu yàrá àlejò, ó rí bẹ́ẹ̀dì tó rí wúruwùru. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ. Ìyàwó Alága ń mú àwọn obìnrin kan wo ilé lọ́wọ́, ìyàwó àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn na ọrùn wo yàrá náà, ó ní, "Ta nìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n kò dúró mí kanlẹ̀ tó fi dáhùn pé, "Ẹni tó ń bá mi tọ́jú ilé ni." Wọ́n kọjá lọ. Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì ká igun tó kù wọlé, nítorí pé kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń kí ara wọn lórí fóònù bí ayálégbé ṣe ń kí onílé. Nígbà tí ìyá wọn kú, ọ̀kan dúró lápá ọ̀tún sàréè, èkejì dúró lápá òsì, òkú ìyá wà láàárín wọn bí adájọ́ tó ti sùn lọ. Wọn kò jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́.

Àfi lọ́jọ́ kan tí fóònù dún.

"Àbúrò mi," Ìyàwó Alága ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, "Alága ní ìpàdé nílùú etí òkun. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá ibẹ̀ la fẹ́ dé sí. Mo ti gba yàrá fún ìwọ náà. Fi ọjọ́ kan ṣáájú mi dé ibẹ̀, kí o sinmi, kí o jẹ ohun tó bá wù ọ́. Tí mo bá dé, a jọ máa jẹun alẹ́ nílé oúnjẹ wọn. Ó ti pẹ́ jù."

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì á wà níbẹ̀. O ti mọ̀ wọ́n rí... àbí o ò mọ̀ wọ́n. Ṣáà máa bọ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀.

"Oúnjẹ ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀dì ọ̀fẹ́, ìwọ wá dúró síbí tí ò ń fọwọ́ lẹ́rán? Ká ní èmi ni wọ́n pè, mo ti máa fọwọ́ nu ẹnu báyìí."

"Bàbá wọn, kì í ṣe ti oúnjẹ. Bí àwọn obìnrin yẹn bá tún bi í pé ta ni mí, kí ló máa sọ?"

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ tó fi ń gé irun. Oníbàárà tó wà lórí àga, tí apá kan orí rẹ̀ ti mọ́ tí apá kejì kò tíì mọ́, ó yí ojú sí wọn, ó fẹ́ gbọ́.

"Bó bá sọ bíi ti ọjọ́sí ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó parí nìyẹn. Mo ti sin ìyá mi. Mo máa ka òun náà mọ́ àwọn tí mo ti sin, mi ò sì ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́ láéláé."

"Bó bá wá sọ òótọ́?"

"Á jẹ́ pé mo ní ẹ̀gbọ́n."

"Lọ," ni oníbàárà orí àga wí, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè.

"Ìwọ, gbé orí ẹ síbi tó wà," ni onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. Ó wá yí sí ìyàwó rẹ̀: "Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Lọ. Tó o bá sì ń bọ̀, bá mi mú ọṣẹ wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń wé e ní bébà bíi súwíìtì."

Bó ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin nìyẹn pẹ̀lú àpò kan. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí ọmọbìnrin rẹ̀ rán fún un wà nísàlẹ̀ àpò náà, ó ṣírò ó pé òun ni òun máa wọ̀ lọ síbi oúnjẹ alẹ́. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ń lọ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó mọ́ tónítóní, kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan lára.

Òtẹ́ẹ̀lì náà ga. Mo ti rí ilé gíga láyé mi, ṣùgbọ́n ti ibí yìí, àwọn ẹyẹ òkun máa ń sinmi ní àárín ọ̀nà kí wọ́n tó dé òkè rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣí ilẹ̀kùn wọ kóòtù tí bọ́tìnnì wúrà ara rẹ̀ ju ti ọ̀gágun lọ. Ó tẹrí ba fún Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì tẹrí ba fún un padà, ọkùnrin náà rò pé òun kò tíì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tún tẹ̀ ẹ́, ìyá náà sì tún san án. Bí kò bá ṣe pé àlejò mìíràn dé lẹ́yìn wọn, wọn ì bá wà níbẹ̀ di òní. Ilẹ̀ pálọ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tó fi ká ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ sókè. Omi ló pè é.

Yàrá rẹ̀ wà lókè pátápátá. Kọ́tìnnì rẹ̀ nípọn bíi kápẹ́ẹ̀tì, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì rọ̀ bí irun àgùntàn tó wà lára àgùntàn. Nínú balùwẹ̀, ẹ̀rọ omi pọ̀ débi pé ó kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó mọ èyí tí yóò bá a sọ òótọ́. Táwẹ́ẹ̀lì funfun tò jọ sórí ara wọn bí búrẹ́dì. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ alágbàfọ̀ ni, ẹni tó máa fọ̀ ọ́ ló kọ́kọ́ rò. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì tó gbé wá láti ilé nura, ó sì fi ọṣẹ ara rẹ̀ wẹ̀. Ọṣẹ tiwọn, tó wà nínú bébà lóòótọ́, ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ọjọ́ tí òun bá ń lọ ni òun máa mú un, kí ó má baà dà bí ẹni tó torí ọṣẹ wá.

Bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ lè gba ìdajì wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ìrọ̀rí bíi méje ló wà lórí rẹ̀, ńlá ńlá lẹ́yìn, kékeré kékeré níwájú, bí ìdílé tó fẹ́ ya fọ́tò.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè sódò gbé e dé ilẹ̀ kí ó tó parí àdúrà rẹ̀. Wọ́n fi í jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé. Fọ́ọ̀kì mẹ́ta wà lápá òsì, ọ̀bẹ mẹ́ta lápá ọ̀tún. Ó wo ẹ̀yìn bóyá àwọn méjì mìíràn ń bọ̀ wá bá òun jókòó. Agbáwo dé, ó gbé àwo kan sílẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Àwo náà fẹ̀ bí ọpọ́n tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Láàárín rẹ̀, ègé ẹja kan wà tí kò tó ohun tí ológbò fi ń ṣeré, wọ́n fi ewé kékeré kan dé e lórí.

Ó wo ẹja. Ó wo agbáwo. "Ọmọ mi, ṣé kí n kọ́kọ́ tọ́ èyí wò, kí ẹ tó gbé oúnjẹ wá ni?"

"Oúnjẹ náà nìyẹn, mà."

"Èyí?"

"Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, mà. Ó ṣì ku mìíràn."

Òótọ́ ni agbáwo sọ. Ọbẹ̀ tẹ̀ lé ẹja, ẹran tẹ̀ lé ọbẹ̀, nǹkan tútù kan tó dùn tẹ̀ lé ẹran, nǹkan gbígbóná kan tún tẹ̀ lé tútù. Kékeré ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kò dẹ́kun. Nígbà tó fi máa dìde, àga ló dì mú. Ó padà sí yàrá, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo ti wà nínú yàrá. Ìrọ̀rí méje ni wọ́n kó fún mi."

"Sùn lórí gbogbo rẹ̀," Ìyàwó Alága rẹ́rìn-ín. "A máa ríra lọ́la."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì dìde, kò sì ronú sí i. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń ronú kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kejì? Ó tú bẹ́ẹ̀dì náà palẹ̀, ó gbọn ọ́n, ó tẹ́ ẹ padà, ó fa àwọn igun rẹ̀ le, ó to ìdílé ìrọ̀rí náà bó ṣe bá wọn. Ó nu balùwẹ̀ gbẹ títí dé ẹnu ẹ̀rọ omi. Ó fọ ife, ó dojú rẹ̀ dé. Ó di ẹrù rẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ àti ohun gbogbo, sínú àpò, ó gbé àpò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, sẹ́yìn bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó síbẹ̀. Ó wẹ̀yìn wò lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i pé kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó jáde lọ wo òkun.

Kò pẹ́ tó jáde ni obìnrin tó ń tọ́jú yàrá ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo balùwẹ̀, ó fọwọ́ kan ọṣẹ tí bébà ṣì wà lára rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ fún ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà pé àlejò yàrá yẹn kò sùn síbẹ̀ rárá. Ọmọbìnrin tó gba ìyá náà wọlé lánàá ti lọ sílé, èyí tó wà níbẹ̀ lówùúrọ̀ kò mọ ojú rẹ̀. Àwọn tó wá sípàdé ti kún òtẹ́ẹ̀lì dé orí, ọkùnrin sísanra kan sì dúró níwájú káńtà, ó ń nu òógùn, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún yàrá. Wọ́n pa orúkọ ìyá náà rẹ́, wọ́n fún ọkùnrin náà ní yàrá.

Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Orí bẹ́ǹṣì létí òkun ló wà, ó ń wo àwọn olówó tí wọ́n ń fi òróró para tí wọ́n sì ń sùn sínú oòrùn bí ẹja tí wọ́n sá. Èsì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa fọ̀ lálẹ́ ló ń rò. Ó tún un rò, ó tún un rò, nígbà mìíràn ó dára, nígbà mìíràn kò dára. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó dìde pé kí òun lọ wẹ̀, kí òun wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Káàdì tí wọ́n fún un kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ó tì í bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ó nù ún mọ́ ara aṣọ, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Láàárín ìyẹn, ó rí táwẹ́ẹ̀lì kan tí ẹnì kan jù sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú un, ó ká a, ó gbé e lé apá. Kò sí bí aṣọ ṣe lè wà nílẹ̀ kí òun sì máa wò ó. Bó ṣe dúró báyìí pẹ̀lú aṣọ búlúù àti táwẹ́ẹ̀lì lápá ni ilẹ̀kùn ṣí láti inú, tí ọkùnrin sísanra yọ jáde.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, mà! Ẹ dé dáadáa. Ẹ gbé táwẹ́ẹ̀lì náà wọlé. Mo kàn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ni, ẹ wo bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dà bí ojú ogun."

"Yàrá mi nìyí," ni Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì wí.

"Mo gbà, mà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa ń pe ibi tó ń tọ́jú ní tirẹ̀. Táyà ni mò ń tà, gbogbo ọkọ̀ tí mo bá fi táyà sí lẹ́sẹ̀ ni mò ń pè ní ọkọ̀ mi."

Ó fẹ́ dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kan bẹ́ẹ̀dì náà: aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ti ká kúrò lórí ìdajì rẹ̀, ìdílé ìrọ̀rí ti tú ká, ọ̀kan tiẹ̀ wà nílẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí òun kàn tún ìyẹn ṣe ná, lẹ́yìn náà òun á mú àpò òun, òun á sì lọ bá wọn jà nísàlẹ̀. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Onítáyà jókòó sórí àga, ó ń sọ ìtàn táyà fún un, àti bí èyí tó dára ṣe máa ń rùn yàtọ̀ sí ayédèrú.

Igun kan ló kù nígbà tí ohùn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

"Ó sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé inú yàrá ni òun wà, ẹ wá ń sọ fún mi pé kò sùn síbí! Ẹ jẹ́ kí n fi ojú mi rí i."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ló ṣíwájú, Ìyàwó Alága tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sì tẹ̀ lé òun, ọ̀kan wọ gíláàsì dúdú, èkejì dé fìlà tó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Gbogbo wọn dúró. Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì gbé orí sókè láti ìdí bẹ́ẹ̀dì, igun aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lẹ̀yin?" ni ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì bèèrè. "Ẹ̀yin kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa."

"Kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín?" Onítáyà fò dìde, ó fọwọ́ gbá àpò ṣòkòtò rẹ̀ mú níwájú àti lẹ́yìn. "Ta wá ni mo gbé bẹ́ẹ̀dì mi fún látẹ̀ẹ̀kan?"

"Yàrá mi ni," ni Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì wí. "Àpò mi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn bùláńkẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì na ọwọ́, ó fa àpò náà sílẹ̀ lóòótọ́. Èyí ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

"Ó ti di ẹrù pamọ́!" ni Onítáyà ké.

"Olè," ni Onífìlà wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dárúkọ aṣọ.

Onígíláàsì kò wo olè. Ìyàwó Alága ló ń wò, nítorí pé ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni? Ta ni?"

Ìbéèrè náà nìyẹn o. Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì ti múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdí tábìlì, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, lábẹ́ iná rírẹwà. Kò múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ibí yìí. Ó di igun aṣọ mú, ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ìyàwó Alága wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì wí, "báwo lẹ ṣe mọ̀ mí?"

Ìyàwó Alága dáhùn pé, "Àbúrò mi ni."

"Àbúrò báwo?" Onífìlà kò jẹ́ kí ó sinmi. "Àbúrò ládùúgbò, àbí ti ilé ọkọ? Ta ni kò ní àbúrò? Ẹni tó ń bá mi fọ mọ́tò gan-an, àbúrò mi ni mò ń pè é."

Ilẹ̀kùn àbáyọ ni obìnrin yìí ṣí sílẹ̀ fún Ìyàwó Alága, Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì sì rí i. Bí ó bá dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì á dá àpò padà, Onítáyà á tọrọ àforíjì, gbogbo wọn á lọ jẹun, àbúrò á sì jẹ́ àbúrò bí ẹni tó ń fọ mọ́tò ṣe jẹ́ àbúrò. Ìyàwó Alága wo àjà. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi kan fi kọjá lójú fèrèsé láti òpin kan dé òpin kejì.

"Ìyá kan náà ló bí wa," ló wí níkẹyìn. "Ọmú kan náà la mu. Ọmọ ìyá mi ni."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ṣebí ẹ sọ fún wa pé ẹ̀yin nìkan ni ìyá yín bí? Ìyá yín tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé?"

"Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Látọjọ́ yìí wá?"

"Látọjọ́ yìí wá. Alágbàfọ̀ ni ìyá wa. Aṣọ ẹlòmíràn ló fọ̀ tó fi bọ́ wa. Bó bá ń fọ̀ ọ́, èmi ni mò ń pọn eléyìí. Kò sí ọjọ́ tí kì í tọ̀ sí mi lẹ́yìn."

"Kì í ṣe ojoojúmọ́," ni Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì wí.

"Ojoojúmọ́ ni! Ìwọ ni wọ́n pọ̀n àbí èmi? Ṣé ẹ̀yìn ẹ ló tutù?"

Onítáyà jókòó padà. "Ọ̀rọ̀ ìdílé rèé," ló wí, ó sì fọwọ́ kúrò lára àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì gbé àpò náà fún ìyá náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni ń ka ìwé, ó ní kò sí yàrá mìíràn mọ́ ní gbogbo ilé náà. Ìyàwó Alága ní kò burú, yàrá òun ni yóò sùn, Alága ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó máa ń hanrun. Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì ká igun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọlé, ó sì bá wọn jáde.

Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin ni wọ́n ti tẹ́ fún wọn. Kí àwọn àwo tó dé, Onífìlà ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ òun. Onígíláàsì náà ránṣẹ́. Orí kan náà ló ń fọ́ ọ. Ìyàwó Alága wo àga méjèèjì tó ṣófo, ó wo ẹnu ọ̀nà, Onítáyà sì ń wọlé bọ̀ níbẹ̀ nìkan, ó ń wá ibi jókòó. Ó fọwọ́ pè é. "Ẹ wá bá wa jẹun, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán."

Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ̀. Ó jẹ ẹja, ó jẹ ọbẹ̀, kò yára. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè jẹ. Fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń ti ègé ẹja kiri àwo bí ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé lẹ pe ìyá wa?" ni àbúrò bèèrè.

"Wọ́n bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ àárín wọn. Ẹnu ló yá mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, nígbà tó ti bọ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí ẹ nílé mi, tí mo bá ní ọmọ ìyá mi ni ẹ́, ìbéèrè kejì ni iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Ìkẹta ni ìyá wa."

"Tí ẹ bá tiẹ̀ máa parọ́, ẹ ò bá ní ìyá wa ń ta wúrà. Ìyá tí kò lè ka lẹ́tà!"

Onítáyà bú sẹ́rìn-ín, omi ọbẹ̀ gba imú rẹ̀ jáde. Agbáwo sáré dé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Ìyàwó Alága ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú, kò sì hàn bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

Ìyá Atẹ́bẹ́ẹ̀dì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àwọn tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, ta ni wọ́n?"

"Àwọn tó wá sípàdé pẹ̀lú Alága ni. Wọ́n mọ̀ mí."

"Ṣé wọ́n mọ èmi náà?"

Ìyàwó Alága dìde dúró, aṣọ olówó iyebíye lára rẹ̀, ó yí sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì gbé ohùn sókè bí ìyá wọn ṣe máa ń gbé e sókè tó bá ń pe àwọn tó ni aṣọ kí wọ́n wá kó o. "Ẹ kú àtijọ́ o! Ẹ wá kí ọmọ ìyá mi!" Gbogbo fọ́ọ̀kì inú ilé oúnjẹ náà dúró nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n sì wá, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń dáhùn pẹ̀lú ẹja lẹ́nu.

Onífìlà kò tún tẹ ẹnu ọ̀nà Ìyàwó Alága mọ́. Ó tan ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé náà ká ibi gbogbo, àwọn ilé kan sì wà tí wọn kò pe Ìyàwó Alága sí mọ́ títí di ìsinsìnyí. Ó dùn ún. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ó dun òun, àbúrò rẹ̀ sì ní òun gbọ́. Àárín oṣù ló máa ń wá sílé tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ báyìí, wọ́n á jẹun, wọ́n á jà lórí ẹni tó tọ̀ sí ẹ̀yìn ta ni, á sì sùn kí ó tó lọ.

Ẹni tó bá ní àsọdùn wà nínú rẹ̀, mi ò bá a jà. Kí ó ṣáà lọ bá Àgbà Onítáyà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ibùdókọ̀ ojú irin. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó tún ti sanra sí i. Kí ó bi í léèrè.